Ìsọmọlórúkọ Láìsí Ìkọlà Láàárín Àwọn Júù

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ọ̀tọ̀ sì ni ọjọ́ ìkọlà. Láàárín àwọn Júù, ìsìn kan ṣoṣo ni méjèèjì fún ọmọkùnrin. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 17, Ọlọ́run pàṣẹ fún Ábúráhámù pé kí a máa kọ ọmọkùnrin nílà ní ọjọ́ kẹjọ, gẹ́gẹ́ bí àmì májẹ̀mú. Brit milah ni wọ́n ń pe ìsìn náà, èyíinì ni májẹ̀mú ìkọlà. Olóólà, tí wọ́n ń pè ní mohel, ni ó ń kọlà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń kéde orúkọ ọmọ. Lúùkù 1:59 àti 2:21 fi hàn pé báyìí ni a ṣe fún Jòhánù àti fún Olúwa wa Jésù.

Lónìí, àwọn òbí Júù kan kì í kọ ọmọ wọn nílà mọ́. Àwọn kan kọ ìrora rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí ó pinnu bí ó bá dàgbà. Brit shalom, májẹ̀mú àlàáfíà, ni wọ́n ń ṣe dípò rẹ̀. Wọn a súre fún ọmọ, wọn a sọ ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀; àwọn mìíràn a wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ní ìrántí omi tí Ábúráhámù fi ṣe àwọn àlejò rẹ̀ lálejò. Wọ́n ń bi í léèrè pé: bí ọmọbìnrin bá ń gba orúkọ nínú sínágọ́gù láìsí abẹ, èé ṣe tí ọmọkùnrin kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Àríyànjiyàn náà ti pẹ́. Ní 1843, àwọn Júù kan ní Frankfurt, ní Jámánì, fẹ́ kí ìkọlà má ṣe jẹ́ dandan mọ́. Rábì Salomon Trier dìde takò wọ́n. Títí di òní, ọ̀pọ̀ rábì ń kọ́ni pé àṣẹ náà kò tíì yí padà. Síbẹ̀, òfin wọn gbà pé ọmọ tí ìyá Júù bí, Júù ni, bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ nílà. Talmud pàápàá sọ pé bí ìkọlà bá ti pa ọmọ méjì ìyá kan, kí a má ṣe kọ ẹ̀kẹta nílà.

Àwa Kristẹni mọ̀ pé ìpàdé Jerúsálẹ́mù, nínú Ìṣe 15, kò di ẹrù ìkọlà ru àwọn Kèfèrí. Ṣùgbọ́n fún ilé Júù, àmì tí Ábúráhámù fi lélẹ̀ ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, bàbá àgbà kan lè sunkún níbi ìsọmọlórúkọ tí àwọn òbí ọmọ ti ń yọ̀.