Ta Ló Ni Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu Aláìsàn?

Ní Tẹ̀dé, bíi ti àwọn ìlú Òkè-Ògùn yòókù, àgbàlagbà tó bá rí i pé ilẹ̀ ń ṣú kì í ṣàdédé dákẹ́. Wọ́n á ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ lóko àti nídàálẹ̀. Àgbàlagbà náà á pín ilẹ̀, á ka gbèsè tó jẹ àti èyí tí wọ́n jẹ ẹ́, á sì tọ́ka sí ibi tí wọn yóò sin òun sí nínú agbolé. Kò sí ìwé kankan níbẹ̀, àmọ́ àwọn ẹbí tó jókòó ni ẹlẹ́rìí. Ẹni tó bá yẹ ọ̀rọ̀ náà yóò bá wọn rojọ́.

Ilé ìwòsàn ló yí àṣà náà padà.

Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn lọ́dún 1957, ọ̀rọ̀ dókítà di abẹ gé. Ẹbí náà sì gbè é lẹ́yìn. Àkọ́bí ni wọ́n máa ń pè sí kọ̀rọ̀, òun náà á bẹ dókítà pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Bàbá gbọ́ o.” Jẹjẹrẹ á wá di ibà lásán létí ẹni tó ń ṣe. Láti Tẹ̀dé, wọ́n á gbé e dé ọsibítù Onítẹ̀bọmi ní Ṣakí, ó tún di Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ilé ni Bàbá ń béèrè.

Ọ̀rọ̀ kan tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1991 ló gbé ìbéèrè náà dé kóòtù: ṣé aláìsàn lè pinnu fúnra rẹ̀? Obìnrin Ẹlẹ́rìí Jèhófà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ti fọwọ́ sí káàdì pé òun ò gba ẹ̀jẹ̀. Dókítà Okonkwo tó ń tọ́jú rẹ̀ bọ̀wọ̀ fún ìpinnu náà. Obìnrin náà kú. Ìgbìmọ̀ tó ń bá dókítà wí ní kó lọ rọ́kún nílé fún oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé e. Lọ́dún 2001, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ náà dá dókítà láre: Adájọ́ Ayọ̀ọlá ló ka ìdájọ́ pé àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lè kọ ìtọ́jú, ìbáà tiẹ̀ la ikú lọ.

Ní UCH kan náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo, dókítà tó ń kun aláìsàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ, wà lára àwọn tó dá ìtọ́jú ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò gbóògùn mọ́ sílẹ̀. Wọ́n ń fún irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní mọ́fíìnì olómi tó ń pa ìrora, wọ́n sì ń bẹ̀ wọ́n wò nílé tí irú Bàbá yẹn ń béèrè.

Òfin Ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 wá pàṣẹ pé kí wọ́n sọ ipò àìsàn fún aláìsàn ní èdè tó gbọ́, kí wọ́n sì jẹ́ kó mọ̀ pé ó lè kọ ìtọ́jú. Àmọ́ òfin yẹn gan-an ní ìhò kan: wọ́n lè pa ipò àìsàn mọ́ fún un bí ẹ̀rí tó lágbára bá wà pé gbígbọ́ rẹ̀ kò ní ṣe é lóore. Ibẹ̀ ni dókítà àti àkọ́bí ṣì ń gbà wọlé.