Bààlúù Ò Dúró De Adájọ́

Láàárín àwa ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ jápa kì í tán lẹ́nu. A mọ iye tí wọ́n ń gbà fún físà, a mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ sí Manchester. Èyí tí a kì í sábà sọ ni ti àwọn tó dé òkè-òkun tán, tí wọ́n ní ẹ̀rù ẹ̀mí ò jẹ́ káwọn lè padà sílé, tí ìjọba ibẹ̀ wá sọ fún wọn pé, "A ò gbà yín gbọ́, ẹ máa lọ." Kí ló kù tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ṣe? Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà kan wà: kó lọ sílé-ẹjọ́, kó ní kí adájọ́ yẹ ìpinnu ìjọba wò. Àtúnyẹ̀wò ilé-ẹjọ́ la máa pè é níbí. JR ni àwọn lọ́yà ibẹ̀ ń pè é. A fẹ́ sọ ìtàn bí ọ̀nà yìí ṣe lágbára débi pé ó mú mínísítà, àti ìtàn ọkùnrin tí ẹjọ́ rẹ̀ fún un lágbára, àmọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ò jẹ nínú èrè náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ yìí yé ara wa, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣì í gbọ́. Adájọ́ tó ń ṣe àtúnyẹ̀wò kì í fún èèyàn ní ìwé ìgbélùú. Kì í sọ pé, "Òótọ́ lo sọ, máa gbé níbí." Ohun tó ń wò ni ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ ìjọba gbà dé ibi ìpinnu rẹ̀. Ṣé ó tẹ̀lé òfin? Ṣé ó wo ẹ̀rí tí wọ́n kó síwájú rẹ̀? Ṣé ó jẹ́ kí ẹni náà sọ tẹnu rẹ̀? Ṣé ìpinnu ọ̀hún bọ́gbọ́n mu? Bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá wọ́, adájọ́ lè fagi lé ìpinnu náà, kó ní kí wọ́n lọ tún un ṣe. Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Òwe náà ò sọ ẹni tó jàre. Bí wọ́n ṣe dá ẹjọ́ ló ń bá wí. Bí JR náà ṣe rí nìyẹn.

Títí di ọdún 1993, ẹni tó bá dé pápákọ̀ òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìní físà, tó béèrè ààbò, tí wọ́n sì kọ̀ fún un, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kó tó kúrò nílùú. Ó di ìgbà tó bá padà lọ tán kó tó lè pè é. Ẹ gbọ́ ná: ẹni tó ń sá fún ẹkùn, wọ́n ní kó padà lọ bá ẹkùn, kó ti ọ̀dọ̀ ẹkùn wá rojọ́! Ìdí nìyẹn tí JR fi di ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó ṣí sílẹ̀ fún irú wọn.

Ní oṣù Kejì ọdún 1987, ilẹ̀kùn náà fẹjú sí i. Ọmọ Uganda kan ti sá lọ sí Kenya, ó sì ti Kenya wá sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba ní kó padà sí Kenya, pé kò séwu níbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rí wà nílẹ̀ pé àwọn aláṣẹ Kenya ti fa àwọn ọmọ Uganda tó sá wá bá wọn lé ìjọba Uganda lọ́wọ́ rí, mínísítà ò sì gbé e yẹ̀ wò bó ṣe yẹ. House of Lords, tó jẹ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ nígbà yẹn, fagi lé ìpinnu náà. Lord Bridge wá fi òté lé e pé níbi tí ẹ̀mí èèyàn bá ti lè lọ sí i, ilé-ẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi ojú tó mú jù lọ wo ìpinnu ìjọba. Láti ìgbà náà làwọn lọ́yà ti ń di ọ̀rọ̀ yìí mú bí ọ̀pá ìtìlẹ̀.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ M ṣẹlẹ̀. M ni ilé-ẹjọ́ ń pè é, kí orúkọ rẹ̀ má bàa hàn. Olùkọ́ ni, ọmọ Zaire, ìyẹn Congo tí Mobutu ń ṣàkóso nígbà yẹn. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1990 ló dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó béèrè ààbò. Wọ́n kọ̀. Ó gba ọ̀nà JR, adájọ́ ò gbà á láyè. Ó gbé e lọ sókè, wọ́n tún kọ̀ ọ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 1991. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìjọba fẹ́ fi í sínú bààlúù.

Àwọn lọ́yà tuntun sáré gbé àwíjàre tuntun lọ bá Adájọ́ Garland. Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́, bààlúù ti fẹ́ gbéra. Adájọ́ ní òun fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ náà dáadáa lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n má tíì gbé ọkùnrin náà lọ. Lójú tirẹ̀, lọ́yà ìjọba ti ṣèlérí fún òun. Lójú lọ́yà ìjọba, òun ò ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Láàárín àìgbọ́ra-ẹni-yé yìí, bààlúù gbé M kúrò ní London lọ sí Paris. Wọ́n ṣì lè dá a dúró ní Paris, torí ibẹ̀ ló ti máa wọ bààlúù kejì, àmọ́ kò sẹ́ni tó dá a dúró. Nígbà tí adájọ́ gbọ́ lóru ọjọ́ náà, ó pàṣẹ pé kí wọ́n dá a padà wá. M ti wà lójú ọ̀run, ó ń lọ sí Kinshasa.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò bí ọkùnrin náà yóò ṣe padà. Àṣẹ adájọ́ ni, kí ni wọ́n tún fẹ́ ṣe? Àmọ́ Kenneth Baker, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, jókòó pẹ̀lú àwọn olùgbani-nímọ̀ràn rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n sọ fún un pé adájọ́ ò lágbára láti pàṣẹ fún mínísítà Ọba. Ó ní kí wọ́n fagi lé ètò ìpadàbọ̀ náà. Lọ́jọ́ kẹta, Adájọ́ Garland fúnra rẹ̀ gbà pé bí òfin ṣe wà nígbà yẹn, àṣẹ òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó sì fà á sẹ́yìn.

Àwọn lọ́yà M ò gbà. Wọ́n ní mínísítà tàbùkù ilé-ẹjọ́, torí pé àṣẹ adájọ́, bó tiẹ̀ kù díẹ̀ káàtó, àṣẹ ni títí adájọ́ yóò fi fà á sẹ́yìn. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ dá ìjọba láre. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1991, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí i padà: Baker jẹ̀bi. Irú ẹ̀ ò tíì ṣẹlẹ̀ sí mínísítà tó wà lórí oyè rí. Ní ọjọ́ 27 oṣù Keje ọdún 1993, House of Lords fọwọ́ sí i, àmọ́ wọ́n ní orí ipò mínísítà ni ẹ̀bi náà wà, kì í ṣe orí Baker gẹ́gẹ́ bí ẹnì kan. Lord Woolf ló kọ ìdájọ́ tó gùn jù. Lord Templeman ní tiẹ̀ sọ pé bí a bá gbà pé ojú àánú ni ìjọba fi ń tẹ̀lé òfin, pé kì í ṣe dandan, a ti sọ ogun abẹ́lé tí wọ́n jà ní nǹkan bí 350 ọdún sẹ́yìn di asán.

Kò sẹ́ni tó lọ sẹ́wọ̀n lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, kò sí mínísítà tó lè sọ pé àṣẹ ilé-ẹjọ́ ò kan òun. Wọ́n ń kọ́ ẹjọ́ yìí ní yunifásítì káàkiri, òun ni òpó tí JR fẹ̀yìn tì. M ńkọ́? Ìdájọ́ yẹn jáde lẹ́yìn ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ tí bààlúù ti gbé e lọ. Omi tó ti dànù ni. Kò sí ìdájọ́, bó ti wù kó dára tó, tó lè kó o padà sínú agbè.

Oṣù Keje ọdún 1993 yẹn náà ni òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tó jẹ́ kí ẹni tó béèrè ààbò lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kó tó kúrò nílùú. Inú èèyàn ì bá dùn. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn kan ni wọ́n ń ti òmíràn. Òfin ọdún 2002 fún Home Office láyè láti kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀rọ̀ ẹnì kan ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà àtipe ẹjọ́ látinú ìlú ti dí. Òfin náà ní àkọsílẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n kà sí ibi tí kò séwu. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2005, wọ́n fi Nàìjíríà kún un, ti àwọn ọkùnrin nìkan. Nítorí náà, ọkùnrin ọmọ Nàìjíríà tí irú ìwé yìí bá dé bá, ibi tí M wà ní 1991 ló padà sí: JR ló kù.

Ọ̀rọ̀ àkókò náà ò sì tíì tán. Nígbà kan, Home Office máa ń fún èèyàn ní ìwé pé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, tó lè jẹ́ wákàtí 72 péré, àwọn lè wá gbé e nígbàkígbà láàárín oṣù mẹ́ta, láìtún kìlọ̀. Báwo lẹni tó wà látìmọ́lé ṣe fẹ́ rí lọ́yà láàárín ìyẹn? Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ pé ìlànà náà lòdì sófin, torí ó ń dí àwọn èèyàn lọ́nà àtidé ọ̀dọ̀ adájọ́.

Ọ̀ràn yìí kàn wá tààrà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2017, bààlúù kan wà ní pápákọ̀ Stansted, tó fẹ́ kó àwọn èèyàn lọ sí Nàìjíríà, Ghana àti Sierra Leone. Èèyàn 15 wọlé, wọ́n so ara wọn mọ́ra yí i ká, bààlúù ò sì lè gbéra lálẹ́ ọjọ́ náà. Ilé-ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi ní 2018. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, wọ́n fagi lé ẹ̀bi náà. Ohun tó gbà wá lọ́kàn jù ni pé àwọn kan lára àwọn tí wọ́n fẹ́ kó lọ lálẹ́ yẹn ráyè bá ẹjọ́ wọn lọ, wọ́n sì gbà kí wọ́n dúró. Ká ní bààlúù ti gbéra ńkọ́?

Ìjọba náà ní tiẹ̀ í sọ. Wọ́n ní àwọn kan ń dúró dìgbà tí bààlúù bá fẹ́ gbéra kí wọ́n tó sáré lọ sílé-ẹjọ́, kí wọ́n lè fi fa ọjọ́ gùn. A ò lè sọ pé irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìbéèrè JR ni adájọ́ kì í gbà wọlé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ ti M fúnra rẹ̀. Àmọ́ adájọ́ ló yẹ kó ya ojúlówó sọ́tọ̀ kúrò lára ayédèrú, kì í ṣe aago pápákọ̀ òfuurufú.

Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ lọ́hùn-ún tí ìwé "rárá" dé bá, ẹ sọ fún un pé kó má tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Oṣù mẹ́ta ni òfin fi gbèdéke sí fún JR, wọ́n sì ní kéèyàn tètè ṣe é. Bí wọ́n bá ti dá ọjọ́ bààlúù, kò tó oṣù mẹ́ta mọ́. Kó wá lọ́yà tó nímọ̀ ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú lọ́jọ́ tí ìwé náà bá dé. Àṣẹ adájọ́ lágbára ju ti mínísítà lọ lónìí, ẹjọ́ M ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Ó kàn gbọ́dọ̀ dé kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn bààlúù ni.