Kókó Ara Ajá: Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Àyẹ̀wò àti Iṣẹ́ Abẹ

Kókó ni ohun tó bá wú yọ lára ajá tàbí ológbò, ìbáà le, ìbáà rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó jẹ́ òun ni dókítà ẹran yóò kọ́kọ́ lò. Jẹjẹrẹ kì í ṣe orúkọ ohun tí ojú rí. Ìdájọ́ ni, àyẹ̀wò ló sì ń dá a. Ní Ayétẹ̀ àti àwọn ìlú Ìbàràpá yòókù, níbi tí ajá ti ń bá ọdẹ wọgbó tó sì ń ṣọ́lé, ọ̀rọ̀ tó bá ṣáájú àyẹ̀wò lè mú kí ènìyàn sọ̀rètí nù lórí ajá tó ṣeé wò sàn.

Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí àyẹ̀wò àti iṣẹ́ abẹ ajá nílò ti wà nílẹ̀. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Igbó-Ọrà, ní Ìbàràpá kan náà, láàárín àwọn aláìsàn tí ń fi Yorùbá sọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Àwọn ọ̀rọ̀ bí àyẹ̀wò, iṣẹ́ abẹ àti ọgbẹ́ tó fún ènìyàn, wọ́n sì tó fún ajá.

Orúkọ oríṣi kókó náà kò ṣòro. Eéwo a máa gbóná, a máa dun ajá, ọ̀yún ló sì wà nínú rẹ̀. Èyí tó ní ihò kékeré lórí lè jẹ́ kókó ìdin, nítorí eṣinṣin kan wà nílẹ̀ Áfíríkà tí ìdin rẹ̀ máa ń wọ awọ ajá. Ọ̀rá tó ṣù jọ sábẹ́ awọ ni kókó ọ̀rá.

Ibi tó gba ìṣọ́ra ni "ràn". Wọ́n máa ń sọ pé jẹjẹrẹ ràn dé ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n sì ń sọ pé àìsàn ń ràn láti ara ẹnìkan sí ẹlòmíràn. Lára ajá, ó yẹ kí a ya méjèèjì sọ́tọ̀. Jẹjẹrẹ kan wà tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ gan-an ń bọ́ sára ajá kejì nígbà gígùn. Ojú ara ló sábà máa ń wà, oògùn vincristine ni wọ́n sì sábà fi ń wò ó, kì í ṣe ọ̀bẹ. Jẹjẹrẹ àrànmọ́ nìyẹn. Èyí tó kúrò ní ọmú dé ẹ̀dọ̀fóró ajá kan náà, "tàn" ló bá a mu.

Ọwọ́ ló ń ṣáájú nínú àyẹ̀wò: wọ́n á wọn kókó náà, wọ́n á wò bóyá ó ń yẹ̀ lábẹ́ awọ tàbí ó lẹ̀ mọ́ ẹran. Ìfabẹ́rẹ́wò ló tẹ̀ lé e: wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa sẹ́ẹ̀lì díẹ̀. Bí ìyẹn kò bá tó, wọ́n á gé bíńtín wò. Kókó ọmú kò ṣeé fojú pọ́n-ńbélé dájọ́: nǹkan bí ìdajì irú rẹ̀ lára ajá ni jẹjẹrẹ, ti ológbò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ni iṣẹ́ abẹ náà ń fẹ́. Là ni ti eéwo, kí ọ̀yún lè jáde. Gé ni ti bíńtín àyẹ̀wò. Yọ ni ti kókó tí wọ́n mú kúrò pátápátá. Oògùn akunlóorun ni wọ́n á kọ́kọ́ fún ajá. Ó yàtọ̀ sí oògùn apàmọ̀lára, tí ń mú ibì kan lára kú nígbà tí ajá kò sùn. Bí ó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, wọ́n á yọ díẹ̀ nínú ẹran tó dá ṣáká mọ́ ọn yípo. Etí àyọmọ́ ni a lè pè é.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rán ojú ọgbẹ́, kókó náà á sì lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Bí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kò bá dé etí àyọmọ́, etí mọ́. Bí ó bá dé ibẹ̀, etí kò mọ́, kókó sì lè tún hù. Èwo nínú méjèèjì ló jẹ́ ni ó yẹ kó wà nínú ìwé tí ará Ayétẹ̀ yóò gbà kúrò ní ilé ìwòsàn ẹran ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọn yóò tú òwú, èyí tó sábà máa ń bọ́ sí àárín ọjọ́ 10 sí 14.