A Kì Í Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ

Ẹ jẹ́ kí a jọ dé ọjà Arzèkè ní ìlú Parakou. Ẹ wo ìyá tó ń ta èlùbọ́ yẹn. Ní òwúrọ̀, àpò 20 ló wà nílẹ̀. Wọ́n tún gbé àpò 5 dé láti oko. Ó ta àpò 7. Nígbà tí ọjà tú, àpò 18 ló kù. Ìyá yìí lè má mọ ìwé, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ kò ṣì.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn onímọ̀ iye ènìyàn ṣe ń ṣírò. Wọ́n á mú iye ènìyàn tó wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n á fi àwọn ọmọ tí a bí kún un. Wọ́n á yọ àwọn tó kú kúrò. Wọ́n á fi àwọn tó wọ̀lú kún un, wọ́n á sì yọ àwọn tó kó lọ. Ohun mẹ́rin náà nìyẹn: ìbí, ikú, wíwọlé àti jíjáde.

Ní Parakou, wíwọlé pọ̀. Àwa Yorùbá wá ṣòwò níbẹ̀, a bá àwọn Baatonu àti Dendi, àwọn Fon náà sì dé. Ní 1992, àwọn ará ìlú náà lé ní 100,000. Ní 2013, wọ́n lé ní 250,000. Ìbí nìkan kọ́ ló fa èyí.

Báwo ni a ṣe lè fi ìlú ńlá wé abúlé kékeré? Ọlọ́jà ńlá àti ọlọ́jà kékeré, igbá kan náà ni wọ́n fi ń wọn ọkà. Igbá àwọn onímọ̀ yìí ni 1,000 ènìyàn. Ká ní abúlé kan ní 1,000 ènìyàn. Wọ́n bí ọmọ 40 láàárín ọdún kan, ènìyàn 10 sì kú. Ìwọ̀n ìbí níbẹ̀ jẹ́ 40 nínú 1,000. Ìwọ̀n ikú jẹ́ 10 nínú 1,000. Bí ẹnikẹ́ni kò bá wọlé tàbí jáde, abúlé náà fi ènìyàn 30 pọ̀ sí i.

Ìṣirò yìí rọrùn. Ohun tó le ni kí àwọn ènìyàn gbà kí a ka àwọn. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Nígbà tí àwọn Faransé gba ilẹ̀ Dahomey, wọ́n gbé owó-orí kalẹ̀ ní 1899. Wọ́n ń ka orí kí wọ́n lè gba owó. Nígbà ogun ńlá àkọ́kọ́, wọ́n tún ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ ṣe ọmọ ogun. Ní 1916, Bio Guéra kó àwọn ènìyàn Borgou jọ láti bá wọn jà. Ó kú sójú ogun náà ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ta ni yóò wá fi tayọ̀tayọ̀ sọ iye ọmọ rẹ̀ fún akọ̀wé? Àwọn àgbà wa sì ti wí tẹ́lẹ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

Dahomey gba òmìnira ní 1960. Ní 1961, wọ́n yan àwọn ibì kan láti ṣèwádìí nípa ìbí àti ikú. Wọn kò ka gbogbo ènìyàn. Bí a bá ro ọbẹ̀ pọ̀ dáadáa, ṣíbí kan tó láti mọ̀ bóyá iyọ̀ dá. Ní 1979, nígbà tí orílẹ̀-èdè ti ń jẹ́ Benin, wọ́n ka gbogbo ará ìlú fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n jẹ́ 3,331,210. Wọ́n tún kà ní 1992 àti 2002. Ní 2013, iye náà di 10,008,749. Níbi tí ẹnì kan jókòó sí ní 1979, ẹni mẹ́ta ló wà níbẹ̀ ní 2013.

Ṣùgbọ́n ikú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sí orúkọ wọn nínú ìwé kankan. Ọmọ ilẹ̀ Scotland kan, William Brass, tó ti ṣiṣẹ́ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, wá ọgbọ́n sí i. Ó ní kí a bi àwọn ìyá léèrè: Ọmọ mélòó lẹ bí? Mélòó ló wà láàyè? Pẹ̀lú ìdáhùn yìí àti ọjọ́ orí àwọn ìyá náà, a lè ṣírò ìwọ̀n ikú ọmọdé. Ìyá tí kò bá mọ ọdún tí a bí i, wọn á bi í pé: Ṣé a ti bí yín nígbà òmìnira? Ṣé ẹ ti lọ sílé ọkọ nígbà tí Dahomey di Benin ní 1975?

Wàyí o, ká ní wọ́n bi ìyá kan ní Arzèkè. Ó bí ọmọ mẹ́fà, méjì kú. Ó dáhùn pé, "Mẹ́rin ni mo bí." Kò purọ́ láti tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún ni. Ṣùgbọ́n ọmọ méjì ti sọnù nínú ìwé. Bí ìyá púpọ̀ bá dáhùn bẹ́ẹ̀, ìwé yóò sọ pé ọmọ kì í kú ládùúgbò yẹn. Ta ni yóò wá sáré gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ síbẹ̀? Ta ni yóò gbẹ́ kànga?

Àwọn ìyá tó sọ òtítọ́ ló jẹ́ kí a mọ èyí: nínú ìwádìí 1996 ní Benin, nínú ọmọ 1,000 tí a bí, bíi 167 ni kò pé ọdún márùn-ún. Nínú ìwádìí 2017 sí 2018, ó ti wálẹ̀ sí 96. Ó dínkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n 96 ṣì pọ̀ jù.

A kò ní kí ẹ pa àṣà tì. Àwọn àgbà ń fi í dáàbò bo ọmọ ni. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé bá tún dé, tó sì béèrè jẹ́jẹ́, ẹ dárúkọ àwọn tó wà, kí ẹ sì ka àwọn tó lọ mọ́ wọn. Ọmọ kì í ṣe èlùbọ́. Síbẹ̀, ìyá tí kò bá ka àpò tí eku jẹ kò ní mọ̀ pé eku wà nínú àká.