Ìwé Tí McElroy Kọ Nítorí Ọṣẹ

Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1931, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 26 kan kọ ìwé olójú-ewé mẹ́ta sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní ìlú Cincinnati, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Neil McElroy ni orúkọ rẹ̀, Procter & Gamble ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Ìpolówó ọṣẹ Camay ni wọ́n fi sí i lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n Camay ni ìṣòro Camay. Láti ọdún 1879 ni ilé-iṣẹ́ náà ti ń ta ọṣẹ Ivory, Camay sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní 1926 ni. Ọ̀dọ̀ Ivory ni ojú gbogbo èèyàn ń wò. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kórìíra àbúrò, kò kàn ní ẹni tó lè sọ pé tòun ni. Ẹni tó ń sè é ń sè é, ẹni tó ń tà á ń tà á. Bó bá wá kùtà, ta ni a ó bi?

McElroy ní kí ọjà kọ̀ọ̀kan ní ẹni tirẹ̀, ẹni tó pè ní "brand man". Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé iṣẹ́ product manager ti ṣẹ̀. Àmọ́ orúkọ oyè yẹn kọ́ ló wú wa lórí bí kò ṣe bó ṣe la iṣẹ́ náà sílẹ̀. Kí ẹni náà máa wo iye ọjà tó ń jáde lọ sí ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ọjà bá ti yá, kí ó wádìí ohun tó mú un yá, kí ó sì gbìyànjú rẹ̀ níbòmíràn. Níbi tí kò bá ti yá, kí ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ débẹ̀, kí ó bá oníṣọ́ọ̀bù àti oníbàárà sọ̀rọ̀ kí ó tó dá àbá. Lẹ́yìn náà, kí ó gbé àbá náà tọ ọ̀gá ẹkùn yẹn lọ, kí ó gba àṣẹ àti àtìlẹ́yìn rẹ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ ti dé ẹnu iṣẹ́, ẹ mọ̀ pé ibí yìí gan-an ni ẹni tuntun ti máa ń fẹsẹ̀ kọ.) Kí ó máa kọ àkọsílẹ̀ tí yóò fi hàn bóyá àbá náà so èso. Ní ti ìwé ìpolówó, kí ẹrù rẹ̀ wà lórí òun pátápátá, kí ó má kàn máa ṣe àríwísí ohun tí ẹlòmíràn kọ.

Kò fi í sílẹ̀ ní òun nìkan o. Ó ní kí ó ní igbákejì, kí àwọn kan sì máa lọ yẹ nǹkan wò láàárín ọjà.

Ọdún tó ń béèrè àfikún òṣìṣẹ́ yìí, ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀. Síbẹ̀, Richard Deupree, ààrẹ ilé-iṣẹ́ náà, gbà á. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà: bí ọ̀gá pátápátá kò bá ti fọwọ́ sí i, ìwé lásán ni ì bá jẹ́. Gbígbà tó gbà á túmọ̀ sí pé Camay lè máa bá Ivory du oníbàárà lábẹ́ òrùlé kan náà, bí ẹni pé wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Ní 1948, McElroy fúnra rẹ̀ jókòó sí àga Deupree.