Ẹ̀kọ́ Tó Tú Ẹ̀wọ̀n ní Bouaké

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹ̀kọ́ ìsìn kò já mọ́ nǹkan kan, pé ìwà ni kókó. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ìtàn ọkùnrin kan ní Bouaké, Côte d'Ivoire, ló yí èrò mi padà.

Grégoire Ahongbonon ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Benin ni, láti ìtòsí ààlà Nàìjíríà. Ní 1971 ó bá iṣẹ́ ajé lọ sí Côte d'Ivoire, ó sì di fọkanáísà ní Bouaké. Ó lówó, ó ra takisí. Nígbà tó yá, gbogbo rẹ̀ wọmi, ó kù díẹ̀ kó pa ara rẹ̀. Ní 1982, ó bá àlùfáà Kátólíìkì kan rìnrìn àjò lọ sí Jerúsálẹ́mù. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé olúkúlùkù Kristẹni ló ní òkúta tí yóò fi kún ilé Ìjọ. Ó wá ń bi ara rẹ̀ pé òkúta tòun dà.

Ní 1983, òun àti ìyàwó rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àdúrà sílẹ̀. Wọ́n ń tọ́jú àwọn aláìsàn tí kò lẹ́nìkan ní ọsibítù Bouaké, wọ́n ń wẹ̀ wọ́n, wọ́n ń ra oògùn fún wọn. Ní nǹkan bí 1990, ó rí wèrè kan níhòòhò tó ń wá oúnjẹ lórí ààtàn. Ó ti ń rí irú wọn tipẹ́, ẹ̀rù wọn a sì máa bà á. Lọ́jọ́ yẹn, ó rò ó pé Jésù tí òun ń wá ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyí. Tọkọtaya náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ àti omi tútù kiri ìgboro lálẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń tú àwọn tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so mọ́ igi ní abúlé, tí wọ́n sì ń fún wọn ní oògùn. Àwọn kan tí ara wọn yá di nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Iṣẹ́ náà ti dé Benin àti Togo.

Ta ló so wọ́n mọ́ igi? Ìgbà mìíràn, ẹbí tí agara dá ni. Ìgbà mìíràn, ilé àdúrà ni, níbi tí wọ́n ti gbà pé ebi àti ìyà ló ń lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rí obìnrin kan nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní irú ilé bẹ́ẹ̀. A kọjá lára rẹ̀, a wọlé lọ kọrin.

Bíbélì kan náà ni gbogbo wọn ń kà. Ẹni tí wọ́n kọ́ pé ilé ẹ̀mí àìmọ́ ni aláìsàn yóò wá ẹ̀wọ̀n. Ẹni tí wọ́n kọ́ pé Kristi ni ebi ń pa nínú rẹ̀ yóò wá oúnjẹ. Ẹ̀kọ́ tó yè kooro kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní báyìí, tí mo bá jókòó gbọ́ ìwàásù, mo máa ń béèrè ohun tó ní kí n ṣe fún wèrè tó wà lẹ́nu ọ̀nà.