Èéfín Ilé Ìdáná ní Ilẹ̀ Èjìgbò

Àwọn tí ń kọ ìtàn ìlú a máa kọ nípa ọba àti ogun. Ṣùgbọ́n ààrò tí a fi ń bọ́ ọba àti jagunjagun kì í sábà rí ẹni tí yóò ro ẹjọ́ tirẹ̀. Nítorí náà ni a fi rò ó pé ó yẹ kí a sọ díẹ̀ nípa èéfín ilé ìdáná ní Èjìgbò, ìlú Ògìyán, àti ní àwọn ìlú agbègbè rẹ̀ bí Máṣífà àti Ifẹ̀-Ọ̀dàn, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí àwọn ìyá àti ọmọ ni.

Ní ayé àwọn baba wa, èéfín kì í ṣe ọ̀tá. Lókè ààrò ni àjà wà, níbẹ̀ ni a ń kó àgbàdo tí a óò gbìn sí, kí èéfín má bàa jẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́. Òun náà ni a fi ń yan ẹja àti ẹran ìgbẹ́. Agboolé gbòòrò, ọ̀pọ̀ obìnrin a sì máa dáná ní àgbàlá gbangba. Síbẹ̀, nígbà òjò, iná a wọlé, ojú ìyá a pọ́n, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ a sì máa wúkọ́. Bí ikọ́ náà bá di ti ọjọ́ pípẹ́ lára ìyá, ọjọ́ ogbó ni a ń dá lẹ́bi.

Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, páànù àti kẹrosíìnì sì ń rọ́ wọ inú ilẹ̀ wa. Àwọn ọmọ Èjìgbò tí wọ́n lọ ṣòwò ní Àbíjàn fi èrè wọn kọ́ ilé sílé. Ilé náà dára, ó tò ní yàrá lọ́tùn-ún lósì; ṣùgbọ́n níbi tí a bá ti dáná ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kéré, èéfín kò rí ọ̀nà jáde, ògiri a sì dúdú. Sítóòfù kẹrosíìnì dé, ó sì rọrùn ju igi lọ, ṣùgbọ́n òun náà ní èéfín tirẹ̀. Nígbà tí ìjọba fi owó lé kẹrosíìnì ní 2016, ọ̀pọ̀ ìdílé padà sí igi àti èédú.

Kì í ṣe àwa nìkan ni èéfín tàn jẹ. Lọ́ńdọ́nù ti fi èéfín èédú ilẹ̀ yangàn pẹ́, títí di oṣù Kejìlá 1952, nígbà tí ó bo ìlú náà mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, tí a sì kọ́kọ́ ka òkú tó 4,000. Ní 1956 ni wọ́n ṣe òfin lòdì sí i. Nítòsí wa, àwọn onímọ̀ ìṣègùn dán ọ̀ràn náà wò ní Ìbàdàn lára aboyún 324. Wọ́n fún apá kan ní sítóòfù tí ń lo ẹtánọ́ọ̀lù, apá kejì sì ń lo igi tàbí kẹrosíìnì wọn lọ. Èsì rẹ̀ jáde ní 2017: nínú 100 àwọn tí ń lo ti àtijọ́, ó ju 6 lọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru; láàárín àwọn ti ẹtánọ́ọ̀lù, kò pé 2. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ṣírò pé èéfín inú ilé pa ènìyàn mílíọ̀nù 3.2 ní 2020, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 sì ju 237,000 lọ nínú wọn. Ohun kíkúnná inú èéfín náà kéré ju irun orí lọ lọ́nà púpọ̀. Ó ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, ó ń fa òtútù àyà fún ọmọdé àti ikọ́ àìsàntán fún àgbà.

Ta ni yóò wá ra gáàsì? Ọkùnrin ló sábà ń kọ́ ilé, òun ló ń pinnu ibi tí fèrèsé yóò wà. Obìnrin ló ń mí èéfín ibẹ̀. Baálé tí ó rí owó ra páànù kò gbọdọ̀ sọ pé òun kò rí ti fèrèsé. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká gáàsì, kí ó gbé ààrò síta, kí ó sá igi gbẹ kí ó tó dá a, kí ó sì gbé ọmọ jìnnà sí iná. Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Bí ọkọ, aya àti ìjọba bá dúró bí ààrò mẹ́ta, ọbẹ̀ yóò jinná, ẹni tí ó sè é yóò sì wà láàyè láti jẹ ẹ́.